Ọjọ́ Tí Ìrẹsì Máa Yọ Orí Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Ohun tí mo sọ lórí ètò wa ọ̀sẹ̀ yìí ni mo tẹ̀ síbí, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, àti ẹ̀yin tí dátà yín ò fẹ́ gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáná lọ́wọ́, ẹ dín iná kù kẹ́ ẹ lè gbọ́ mi dáadáa.

Lónìí, mi ò pe àlejò kankan. Èmi nìkan ni, torí owó ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ jollof tiwa àti ti Gánà, ìyẹn ti sú mi. Mo fẹ́ sọ bí ìrẹsì ṣe ń yọ òdòdó, àti bí ọjọ́ tẹ́ ẹ gbìn ín ṣe lè sọ ọ́ di oúnjẹ tàbí ìyàngbò.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ẹ rántí ìgbà yẹn, gbogbo èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ pé kí ọ̀dọ́ lọ dáko. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń gbé lágbègbè Ọ̀fàdà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn. Dádì Oko la máa ń pè wọ́n látìgbà tá a ti kéré. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni wọ́n ń gbìn, èyí tẹ́ ẹ máa ń fi ọbẹ̀ ayamáṣe jẹ, tí wọ́n á fi ewé wé fún yín. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni tiwọn wà, kì í ṣe inú àkùrọ̀. Kò sí páìpù, kò sí kànga. Òjò nìkan ló ń bomi rin ín.

Àwa mẹ́ta kó owó jọ. Apá kan nínú owó náà, àjọ tí màmá ọ̀rẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Dádì Oko fún wa ní ilẹ̀ éékà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wọn, wọ́n sì bu irúgbìn fún wa látinú àpò kan náà tí àwọn fẹ́ gbìn.

Èmi ni olóye ẹgbẹ́. Mo ṣí Excel lórí fóònù mi. Dádì Oko ti sọ pé irú ìrẹsì yẹn máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin lóko. Mo ṣírò rẹ̀: bá a bá gbìn ín ní òpin oṣù kẹrin, kété tí òjò méjì tàbí mẹ́ta bá ti rọ̀, a óò kórè ní òpin oṣù kẹjọ. Ìrẹsì tuntun ò ní tíì kún ọjà nígbà yẹn, a óò tà á wọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́ fún mi.

Dádì Oko wò mí títí, wọ́n ní, “Òpin oṣù kẹrin ti yá jù. Àwa máa ń dúró di àárín oṣù kẹfà.”

Mo ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé?”

Wọ́n ní, “Bá a ṣe bá a nìyẹn, ọmọ mi.”

Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìdáhùn yẹn ṣe máa ń rí lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè. Mo rẹ́rìn-ín, mo kí wọn kú iṣẹ́, a sì gbìn ín ní òpin oṣù kẹrin.

Ó hù, ó dára, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo fi fọ́tò rẹ̀ sórí status mi débi pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀gá Àgbẹ̀. Ìgbà tí oṣù keje ń parí lọ, tí ìrẹsì wa fẹ́ yọ orí, òjò dúró. Ọ̀gbẹlẹ̀ inú oṣù kẹjọ ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní August break. Tẹ́ ẹ bá ń gbé nílẹ̀ Yorùbá, ẹ mọ̀ ọ́n: ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́, ẹ ó sáré kó aṣọ wọlé, òjò ò sì ní rọ̀. Lọ́dún yẹn, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Orí ìrẹsì wa yọ dé ìdajì, ìdajì tó kù há sínú ewé tó wé mọ́ ọn. Èyí tó yọ wá síta funfun, ó sì nàró ṣánṣán. Ìrẹsì tó bá lọ́mọ nínú máa ń tẹrí ba, ìwúwo ọmọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Tiwa dúró bí sójà. Mo fi èékánná tẹ hóró kan, ó wọlé pẹlẹbẹ. Èèpo lásán. Mo tẹ òmíràn. Mo lò tó wákàtí kan nínú oko yẹn tí mò ń tẹ hóró kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà lórí fóònù.

Díẹ̀ tó ráyè gbó, àwọn ẹ̀gà ti gbúròó rẹ̀. Ìrẹsì wa nìkan ló gbó lágbègbè náà lásìkò yẹn, torí náà gbogbo ẹ̀gà tó wà nítòsí, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wá ṣe àríyá sí. Mi ò ronú kan ẹyẹ rárá nígbà tí mò ń dá pé ká kórè ṣáájú gbogbo èèyàn.

Nínú ọgbọ̀n àpò tí Excel ṣèlérí, méje la rí kó. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Dádì Oko kórè tiwọn lódìkejì ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì yín lọ. Irúgbìn inú àpò kan náà, ilẹ̀ kan náà, ọdún kan náà, àmọ́ orí ìrẹsì tiwọn tẹ̀ dórí ilẹ̀. Wọn ò sọ pé “ṣé mo sọ fún yín”. Ì bá dára ká ní wọ́n sọ ọ́, torí dídákẹ́ wọn ló dùn mí jù.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìwé nípa ìrẹsì, bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ já sílẹ̀ ṣe máa ń yẹ fóònù wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá níbẹ̀.

Ẹ pín ayé ìrẹsì sí mẹ́ta. Apá kìíní, ewé ló ń yọ, ó sì ń pa ọmọ sí ìdí. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí orí bá ń dá nínú pòròpórò, níbi tí ojú ò tíì lè rí i, títí di ọjọ́ tó yọ òdòdó. Apá kẹta, láti òdòdó dé ìkórè. Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, apá kejì máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 30 sí 35, apá kẹta máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 30. Apá méjèèjì yìí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti irúfẹ́ ìrẹsì kan sí òmíràn. Apá kìíní ni gbogbo ìyàtọ̀ wà. Tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé ìrẹsì òun ń yá, bíi NERICA 1 tó máa ń gbó láàárín nǹkan bí ọjọ́ 100, ohun tó ń sọ ni pé apá kìíní rẹ̀ kúrú.

Ẹ wá wo ibi tí Excel mi ti kùnà. Ọjọ́ 120 ni mo kà lọ síwájú, láti ìgbà gbígbìn dé ìkórè. Mi ò bi ara mi léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín. Tẹ́ ẹ bá yọ ọjọ́ 30 ti ìkẹyìn kúrò nínú 120, ó ku 90. Ọjọ́ 90 láti òpin oṣù kẹrin, òpin oṣù keje ni. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé òdòdó ìrẹsì sẹ́nu ọ̀gbẹlẹ̀. Dádì Oko gbin tiwọn ní àárín oṣù kẹfà, ọjọ́ 90 sì gbé wọn dé àárín oṣù kẹsàn-án, tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbàgbé láti ti ẹ̀rọ omi pa lókè.

Kí ló wá dé tí ìgbà òdòdó fi le tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan náà, ká ní ìgbà tí ìrẹsì ṣì ń yọ ewé ló dé, ewé á ká, á pọ́n díẹ̀, tí òjò bá sì padà wá, ó ṣeé ṣe kó gbéra sọ. Òdòdó ò ní irú ànfààní yẹn.

Òdòdó ìrẹsì kéré débi pé ẹ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì rí i. Láàárọ̀, láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán, hóró kọ̀ọ̀kan á ya èèpo rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń yán. Lẹ́búlẹ́bú akọ á já bọ́ sórí abo. Láàárín nǹkan bí wákàtí kan sí méjì, á pa ẹnu dé. Kò ní ṣí mọ́ láé. Láti ṣóńṣó orí ni àwọn hóró á ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa ṣí lọ sísàlẹ̀, odindi orí kan á sì lò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó parí. Hóró tí lẹ́búlẹ́bú ò bá dé inú rẹ̀ ní wákàtí tirẹ̀, èèpo ni yóò jẹ́ títí ayé, ì báà ṣe pé àjílẹ̀ gbogbo Nàìjíríà lẹ dà sí i lẹ́yìn náà.

Ohun mẹ́ta ló lè ba wákàtí yẹn jẹ́. Àìsí omi nìyẹn tẹ́ ẹ ti gbọ́. Èkejì ni ooru. Tí ooru bá kọjá nǹkan bí 35°C lásìkò tí òdòdó ṣí, lẹ́búlẹ́bú ò ní tú jáde dáadáa. Ẹ̀kẹta ni òtútù, tìyẹn sì máa ń ṣọṣẹ́ ṣáájú, ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá kí orí tó yọ, nígbà tí lẹ́búlẹ́bú ń dá lọ́wọ́. Tó bá tutù ju nǹkan bí 20°C lọ fún ọjọ́ mélòó kan nígbà yẹn, lẹ́búlẹ́bú ò ní pé.

Ẹ má rò pé àwa nìkan nìyà yìí ń jẹ. Lọ́dún 1993, ìgbà ooru àwọn ará Japan tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Japan o, àwọn tó mọ ìrẹsì bí a ṣe mọ iṣu. Ìkórè wọn já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin, wọ́n wá ń ra ìrẹsì láti Thailand, àwọn èèyàn wọn sì ń tò sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù torí ìrẹsì ilé. Kò kúkú sí kòkòrò, kò sí ogun. Òtútù ló bá òdòdó.

Nílẹ̀ Hausa, ooru ni wàhálà tiwọn. Láti 2016 tí ìpínlẹ̀ Èkó àti Kébbì ti jọ gbé ìrẹsì LAKE jáde lẹ ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìrẹsì tá à ń jẹ níbí, òkè ọ̀hún ló ti ń wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò ni wọ́n fi ń gbìn ín níbẹ̀. Tí àgbẹ̀ bá pẹ́ kó tó gbé ìrẹsì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sínú oko, òdòdó rẹ̀ á bọ́ sí oṣù kẹrin, tí ooru ọ̀sán lè tó 40°C. Tó bá sì yá jù, ọyẹ́ á mú un nígbà tó ṣì kéré, kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ojú ọ̀nà tóóró kan ni wọ́n ń gbà kọjá lọ́dọọdún. Ní àfonífojì odò Senegal náà, ìwé tí mo kà sọ pé àwọn tó bá gbin ti ìgbà òjò lẹ́yìn àárín oṣù kẹjọ ń fi òdòdó wọn ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú òtútù oṣù kọkànlá.

Wàyí o, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, ìrẹsì tó ń ka ọjọ́ ni. Ọjọ́ pé, ó yọ òdòdó. Àmọ́ àwọn ìrẹsì kan wà tí wọn kì í ka ọjọ́ rárá. Òru ni wọ́n ń wọ̀n. Ibí yìí ló ya èmi lẹ́nu jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Ìrẹsì olóòórùn dídùn ti Thailand, tí ẹ̀yin onílé oúnjẹ ń pè ní jasmine, orúkọ rẹ̀ lóko ni Khao Dawk Mali 105. Lọ́dún 1959 ni wọ́n fọwọ́ sí i níbẹ̀. Ẹ gbìn ín ní oṣù kẹfà, ẹ gbìn ín ní oṣù kẹjọ, nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ló máa yọ òdòdó. Èyí tẹ́ ẹ tètè gbìn á ga ju èyí tẹ́ ẹ pẹ́ gbìn lọ, àmọ́ wọ́n á jọ yọ orí ni. Bí òru ṣe ń gùn sí i lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ló ń sọ fún un pé àsìkò ti tó.

Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Garner àti Allard, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé irú nǹkan báyìí yékéyéké, lọ́dún 1920. Ẹ̀wà sóyà àti tábà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ìrẹsì. Wọ́n ń gbin sóyà ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń yọ òdòdó lásìkò kan náà. Wọ́n gbìyànjú ooru, wọ́n gbìyànjú omi, wọn ò rójútùú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé àwọn igi náà wọ inú ilé tó ṣókùnkùn ṣáájú ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Àwọn mìíràn wá fi hàn nígbà tó yá pé gígùn òkùnkùn gan-an ni igi ń wọ̀n: tẹ́ ẹ bá tan iná fún ìgbà díẹ̀ láàárín òru, ìṣírò rẹ̀ á dàrú.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ ní Japan fi ń ráhùn nítorí iná ojú títì. Ìrẹsì tó wà nítòsí iná máa ń pẹ́ yọ orí, ẹ ó rí i láàárín oko, ibi tí iná mọ́lẹ̀ dé á ṣì tutù nígbà tí ìyókù ti ń pọ́n. Ẹni kan tó ń tẹ́tí sí ètò yìí ní Sùúrùlérè fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá pé òun gbin ìrẹsì sínú ike lórí báńkóònì, ó ti tó oṣù mẹ́fà, ewé nìkan ló rí. Àǹtí mi, iná sikiọ́rítì yín ni mo fura sí o. Tí nẹ́pà bá mú iná lọ fún oṣù kan, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí orí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyí tí màá gbàdúrà bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bi mí. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀sán àti òru ò kúkú yàtọ̀. Ní Tokyo, ọjọ́ tó gùn jù nínú ọdún fi nǹkan bí wákàtí márùn-ún ju èyí tó kúrú jù lọ. Ní Abẹ́òkúta, kò tó wákàtí kan. Kí ni ìrẹsì fẹ́ rí nínú ìyẹn? Ẹ gbọ́ èyí. Ní Malacca, ní Malaysia, ìyàtọ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìparí ọdún kan sí òmíràn jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Irúfẹ́ ìrẹsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Siam 29. Nígbà tí wọ́n gbìn ín ní oṣù kìíní, ó lo ọjọ́ 329 kó tó yọ òdòdó. Nígbà tí wọ́n gbìn ín ní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 161 ló lò. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá péré! Èmi tí mo ń fi álààmù mẹ́rin jí.

Ewé ló ń ṣe ìṣirò náà. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan fi hàn pé purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní Hd3a ni ewé ìrẹsì máa ń ṣe nígbà tí òru bá gùn tó. Á gba inú pòròpórò gòkè lọ sí ṣóńṣó orí, á ní kí wọ́n yé ṣe ewé, kí wọ́n máa ṣe òdòdó. Àwọn kan ti ń wá ońṣẹ́ yẹn láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún ṣáájú, wọ́n ti fún un lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Kí ni àwọn àgbà rí lára ìrẹsì tó ń wọn òru tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún? Ẹ wo òjò wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe é gbọ́kàn lé, lọ́dún yìí á tètè dé, lọ́dún tó ń bọ̀ á fi oṣù kan pẹ́. Ìparí rẹ̀ kì í yí tó bẹ́ẹ̀. Tí irúgbìn yín bá ń yọ òdòdó nígbà kan náà lọ́dọọdún, nígbà tí ìkún omi fẹ́ máa fà, kò pọn dandan kẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ gbìn ín. Òjò tètè dé, ẹ gbìn ín. Òjò pẹ́, ẹ gbìn ín. Ìrẹsì fúnra rẹ̀ á bá yín tún un ṣe.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lẹ lè kórè rẹ̀. Lọ́dún 1966, iléeṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì tó wà ní Los Baños, ní Philippines, gbé IR8 jáde. Ìyá rẹ̀ ni Peta láti Indonesia tó ga, bàbá rẹ̀ ni Dee-geo-woo-gen láti Taiwan tó kúrú. Ó kúrú, kì í ṣubú tí wọ́n bá da ajílẹ̀ sí i, kò sì bìkítà fún òru. Nǹkan bí ọjọ́ 130, ó ti gbó, oṣù yòówù kẹ́ ẹ gbìn ín. Ẹni tó bá lómi lè kórè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ìrẹsì tuntun tẹ́ ẹ máa rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irúgbìn ní Nàìjíríà lónìí, irú rẹ̀ ni. FARO 44, tó gbajúmọ̀ gan-an fún àkùrọ̀, Taiwan ni wọ́n ti mú un wá, oṣù mẹ́rin ò sì pé tó fi ń gbó. Badeggi ní ìpínlẹ̀ Niger ni iléeṣẹ́ ìwádìí tó ń fún wọn ní orúkọ FARO yẹn wà.

Mi ò bá IR8 jà, ó bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n mú kàlẹ́ńdà kúrò nínú ìrẹsì, ẹnì kan ní láti máa tọ́jú rẹ̀. Irúgbìn tí Dádì Oko bù fún wa, iye ọjọ́ kan náà ló lò nínú oko wa àti nínú oko wọn. Kò mọ oṣù kẹjọ yàtọ̀ sí oṣù kẹsàn-án. Dádì Oko ló mọ̀ ọ́n. “Bá a ṣe bá a nìyẹn,” òun ni kàlẹ́ńdà náà, èmi ni mo wò ó bí ọ̀rọ̀ àìkàwé.

Ibẹ̀ ni mo rò pé ìtàn náà máa parí sí, kí n wá gba àwọn àgbà, kí gbogbo wa lọ sílé. Lọ́dún tó kọjá, Dádì Oko pè mí. Wọn kì í pè mí, èmi ni mo máa ń pè wọ́n. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, òjò oṣù kẹfà ò tíì wá o. Ẹ̀rọ inú fóònù rẹ yẹn, kí ló wí?”

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹni tó ń gbin ìrẹsì kí wọ́n tó bí mi ló ń bi mí léèrè ọjọ́.

Mo sọ fún wọn pé NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ ìgbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó lè dáwọ́ dúró, àti bí ọ̀gbẹlẹ̀ àárín rẹ̀ ṣe lè gùn tó. Mo ka ti ìpínlẹ̀ Ògùn fún wọn lórí fóònù. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ka ìka. Wọ́n wá ní, “Tá a bá rí òjò lọ́sẹ̀ yìí, ó ṣì dáa. Tó bá di oṣù keje, ká fi gbin àgbàdo.” Ẹ rí i pé ìṣirò tí mo lo ọdún méjì láti kọ́, àyà wọn ló ti ń bọ̀: ọjọ́ òdòdó ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n wá kà á padà sẹ́yìn. Oṣù keje á gbé òdòdó dé oṣù kẹwàá, òjò á sì ti fẹ́ máa parí kí hóró tó gbọ́mọ.

Ohun kan tún wà tí fóònù wa ò lè bá wa yanjú. Òru ń gbóná sí i. Ní iléeṣẹ́ Los Baños tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ oko wọn láti 1979 sí 2003, wọ́n rí i pé ooru òru ti fi ohun tó lé ní 1°C gòkè. Lọ́dún 2004 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fún ìwọ̀n 1°C kọ̀ọ̀kan tí ooru òru bá fi pọ̀ sí i, ìkórè ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Wọ́n ń wá ọ̀nà o. Wọ́n ti mú àbùdá kan láti inú ìrẹsì igbó kan, èyí tó ń jẹ́ kí òdòdó tètè ṣí ní kùtùkùtù àárọ̀ kí ooru tó dé, wọ́n sì ti fi sínú ìrẹsì oko. Ìyẹn wù mí. Ìrẹsì tó ń jí ṣáájú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi owó sínú oko ìrẹsì ẹlòmíràn, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀, ẹ ń kọ̀wé sí mi. Kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ bi ẹni náà ní ìbéèrè kan: “Ọjọ́ wo ni ìrẹsì yìí máa yọ òdòdó?” Kì í ṣe ọjọ́ tá a máa pín èrè. Tó bá sọ irúfẹ́ irúgbìn tó ní, tó ka ọjọ́, tó sì sọ ibi tí omi máa ti wá lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Tó bá fi Excel hàn yín, ẹ rántí mi.

Àwa ti tún fẹ́ gbìn lọ́dún yìí, éékà kan péré. Owó iṣẹ́ ètò yìí ni mo fi ṣe é, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì ti gbà láti bá mi lọ. Èkejì, ọmọ màmá tó kó àjọ, a ti san ìdajì owó wọn padà, ó kù ìdajì. Ó máa ń ka ohun tí mo bá fi ránṣẹ́, àmì búlúù máa ń yọ, kì í fèsì. Tó o bá ń gbọ́ èyí, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà là ń gbìn, tí òjò bá gbà. Wá tàbí má wá, àpò kìíní tá a bá kó, ti màmá ni.

Tó bá di àárín oṣù kẹsàn-án, màá gbé máíkì lọ sóko láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Dádì Oko ní tí gbogbo rẹ̀ bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní òórùn kan tó máa ń mú. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ká ìyẹn sílẹ̀ fún yín. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ má fi ohùn tó ju ìṣẹ́jú méjì lọ ránṣẹ́, mo bẹ̀ yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.